Iná Oòrùn Ń Bọ̀ Lọ́jà: Ẹ Jẹ́ Ká Ná An Kí A Tó Rà Á

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti òkú tí a fẹ́ lọ bá wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ iná ni. Gbogbo wa la wà ní ìpàdé tó kọjá nígbà tí Ìyálọ́jà wa sọ pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wá gbé iná oòrùn sínú ọjà wa, pé ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, ó ku kí ẹgbẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní ká tọwọ́ bọ̀wé lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò fẹ́, pé ẹ̀tàn ni. Ìyálọ́jà wá sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn tèmi.

Èmi fara mọ́ ọn pé ká gba iná oòrùn. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé ká tọwọ́ bọ̀wé bí ẹni tí ń sá fún òjò. Oníṣòwò ni wá. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí í ra ọjà láìná an. Kí ló wá dé tí a fẹ́ ra iná láìná an?

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ LÓRÍ EPO

Ẹja inú fírísà ni mo ń tà, ẹ mọ̀ mí. Fírísà mẹ́ta ni mo ní. Kí ọdún 2023 tó dé ìdajì, lítà epo bẹntiróò kan kò tó N200. Lítà mẹ́rin ni mo máa ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ mi lójúmọ́. Ká ní N190 ni lítà kan, N760 nìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu gorí àlééfà, ọjọ́ náà gan-an ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, nǹkan bí N900 ni mo ń ra lítà kan. Lítà mẹ́rin kan náà yẹn ti di N3,600 lójúmọ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ 26 tí mo ń ná ọjà lóṣù. Tẹ́lẹ̀, N19,760. Ní ọdún 2025, N93,600. Ẹja kò tóbi sí i, oníbàárà kò sì lówó sí i. Ibo lẹ rò pé owó yẹn ti jáde? Inú owó ilé ìwé ọmọ ló ti jáde, inú owó tí à bá fi ra ọjà kún ọjà ló ti jáde.

Ká tó sọ ti èéfín. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ti sùn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò jí mọ́. Èéfín yẹn kò ní òórùn tó máa ta èèyàn jí. Síbẹ̀, a ṣì ń gbé “I pass my neighbour” sáàárín ṣọ́ọ̀bù méjì, tí ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ká dúró de NEPA, kó rántí ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A láti N68 lọ sí N225, kó tó wá já wálẹ̀ díẹ̀ sí nǹkan bí N209. Wọ́n ní wákàtí ogún lójúmọ́ ni iná máa wà fún wọn. Lọ́dún kan náà, ó lé ní ìgbà mẹ́wàá tí iná gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Nílé wa níbí, ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá UCH wà láìsí iná NEPA fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti ìparí ọdún 2024 wọ ọdún 2025, nítorí gbèsè owó iná. Bí UCH bá lè wà nínú òkùnkùn, ta ni ìsọ̀ ẹlẹ́ja?

Àwọn tó ń jọba lé wa lórí náà ti mọ̀. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ya N10 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fa iná oòrùn sí ilé Ààrẹ ní Abùjá. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ń sọ fún wa pé ká ní sùúrù fún NEPA, òun fúnra rẹ̀ kò ní sùúrù náà mọ́.

KÍ NI ÌJỌBA NÍ ÒUN FẸ́ ṢE?

Ìyá kan béèrè ní ìpàdé pé, “Kí ló kan ìjọba kan oòrùn Ọlọ́run?” Ìbéèrè tó dáa ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní ìlú Glasgow, ó sì ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín tó ń mú ayé gbóná sáfẹ́fẹ́ ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ lè gbà mọ́ra lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, igbá-kejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣínbàjò, gbé ètò tí wọ́n máa tẹ̀lé jáde. Gáàsì la máa fi rọra kúrò lórí epo àti igi ìdáná, a ó sì máa bọ́ sórí iná oòrùn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Àwa tí à ń retí ọkọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà láti òkè ọya, a mọ ohun tí òjò ń ṣe. Àgbàrá ọdún 2022 pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ òjò ọdún náà wò sọ pé bí ayé ṣe ń gbóná sí i ló jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, omi tún ya wọ ìlú Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ó pa èèyàn tó ju 150 lọ, ó sì ba ọ̀nà jẹ́. Ọ̀nà Mokwa yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, àtẹ wa ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Lẹ́yìn náà ni òfin yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe kí ìpínlẹ̀ lè dá iná tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì pín in fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Látìgbà náà, NERC ti ń gbé àṣẹ ìṣàkóso iná lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Èkìtì, Òǹdó, Èkó àti Ògùn náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa o: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí iná ọjà wa, kì í ṣe Abùjá nìkan ni ẹjọ́ máa lọ mọ́. Ọ́fíìsì tó máa gbọ́ ọ wà nítòsí, ẹsẹ̀ wa lè gbé wa débẹ̀.

Owó náà wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà láti fi gbé iná oòrùn dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17.5. Gbèsè ni o, kì í ṣe ọrẹ. Àwọn ọmọ wa ló máa san án. Nítorí náà, tí a bá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an, kì í ṣe àyọjúràn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba kan náà tó ń pè wá wá sídìí oòrùn tún fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà sọ pé ìjọba ń gbèrò láti fòfin de kíkó páńẹ́ẹ̀lì sólà wọlé láti òkè òkun, kí a lè máa ṣe é nílé. Ó dára ká ṣe é nílé, èmi náà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ti bodè kí ti ilé tó tó jẹ. Owó á lọ sókè, ọjà ayédèrú á pọ̀, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló máa jìyà.

ÒWÒ NI, KÌ Í ṢE ÀÁNÚ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà tiwa. Àwa kọ́ la máa kọ́kọ́ ṣe é. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, REA, ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní àwọn ọjà ńlá kí ọdún 2020 tó dé. Oòrùn ni wọ́n lò ní Sábóńgàrí ní Kánò. Gáàsì ni wọ́n lò ní Ariaria ní Ábà àti ní Súrà ní Èkó. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń dá iná sílẹ̀, àwọn ọlọ́jà ló ń fi mítà rà á. Ẹ rí i pé òwò ni. Kò sì burú, torí òwò náà làwa ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ń bá oníṣòwò ṣòwò, kó lajú.

Iye tí wọ́n kà fún wa ní ìpàdé ni N350 fún yúníìtì kan. Fírísà kan, bí a ṣe ń ṣí i tí a ń tì í, a máa jẹ tó yúníìtì méjì lójúmọ́. Tèmi jẹ́ mẹ́ta, yúníìtì mẹ́fà nìyẹn, N2,100. Ọmọkùnrin tí ilé iṣẹ́ náà rán wá rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ṣebí ó dín sí owó epo?” Gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an la ti ṣìnà. Lóòótọ́ ni N2,100 dín sí N3,600. Ṣùgbọ́n ta ló ní owó epo ni ká fi wọn iná oòrùn? Epo ni ìyà tó ń jẹ wá. Ẹni tó bá fi ìyà tó ń jẹ ọ́ ṣe òṣùwọ̀n, iyekíye tó bá pè á dà bí oore lójú rẹ. Bí oníbàárà bá sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ pé àlejò ti dé bá òun nílé, pé kò sí ẹja níbòmíràn, ṣé iye tí wàá pè fún un nìyẹn ni wàá pè fún ẹni tó rọra ń rìn bọ̀? Àwa la fi ẹnu ara wa sọ fún ọmọ yẹn pé ebi iná ń pa wá.

Òṣùwọ̀n tó tọ́ ni iye tó ná wọn, kí wọ́n wá lé èrè tó mọ níwọ̀n lé e. Ẹni tó wà ní Band A, bí iná bá wà, N1,254 ló máa san fún yúníìtì mẹ́fà kan náà. Mi ò ní kí ilé iṣẹ́ náà pàdánù. Mo mọ̀ pé bátìrì wọ́n, mo mọ̀ pé èlé báńkì ga. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ́ ìṣirò sílẹ̀ níwájú wa. Oòrùn kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Bí ìjọba bá sì fi owó gbèsè gbogbo wa ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ó hàn nínú iye tí a máa san.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má gbà á rárá, mo gbọ́ yín. Ẹ rántí arábìnrin wa nílà àwọn aláṣọ tó dá ra páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tirẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kú kó tó pé oṣù mẹ́rin. Ó dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ló tàn án. Bátìrì mọ́tò àlòkù ni wọ́n tà fún un, kò sì sí ẹni tó bá a yẹ̀ ẹ́ wò, torí òun nìkan ló lọ. Ká jọ lọ ló máa gbà wá, kì í ṣe ká jókòó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà epo yìí ti ń dí mọ́ wa.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÁ RÍ NÍNÚ ÌWÉ

Kí ẹgbẹ́ tó tọwọ́ bọ̀wé, mo fẹ́ kí nǹkan márùn-ún wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kà á sétígbọ̀ọ́ wa ní Yorùbá.

Èkíní, iye yúníìtì kan àti ìgbà tí wọ́n lè fi kún un. Kí wọ́n má lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní dọ́là ti wọ́n. Kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n sì wá ṣàlàyé ní ìpàdé.

Èkejì, wákàtí tí iná máa wà lójúmọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Ẹ gbọ́ ìgbà òjò yẹn dáadáa. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ojú ọ̀run lè ṣú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo páńẹ́ẹ̀lì. Ta ló máa fọ̀ ọ́? Bí iná bá sì lọ tí ẹja ẹnìkan bàjẹ́, ta ló máa san án?

Ẹ̀kẹta, bátìrì. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ni kì í pẹ́. Èyí tí wọ́n ń bu omi sí kì í sábà kọjá ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Lítíọ́ọ̀mù tó bá jẹ́ ojúlówó lè tó ọdún mẹ́wàá. Kí ìwé sọ irú èyí tí wọ́n máa gbé wá, kó sì sọ pé àwọn ló máa pààrọ̀ rẹ̀, pé wọn ò ní wá dá owó lọ́wọ́ wa. Kí ó tún sọ ẹni tó máa ni gbogbo ẹrù náà tí ọdún àdéhùn bá pé.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó máa gba owó. Mítà ni kó gbà á. A ò fẹ́ ọmọ ìta kankan tó máa máa kiri ìsọ̀ pé òun ń gba owó iná. Kí ìjọba ìbílẹ̀ náà má sì wá fi owó iná kún tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ tí à ń san.

Ìkarùn-ún ló wà lọ́kàn mi jù. Nínú àwòrán tí wọ́n fi hàn wá, ẹnu ṣọ́ọ̀bù alágàdágodo ni wáyà parí sí. Àwọn tó ń tẹ́ àtẹ sábẹ́ agbòòrùn ńkọ́? Àwọn ìyá aláta, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwọn tó ń jókòó sórí àpótí títí di aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu? Àwọn náà ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n ń san tíkẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù kéékèèké tó ń tàn nílà wọn kò jẹ iná kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà mi. Ó máa jẹ́ kí wọ́n rí owó tí wọ́n ń gbà, kí ẹnikẹ́ni má fi ayédèrú owó yan wọ́n jẹ, kí wọ́n sì lè tà pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí iná bá dé ọjà wa tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn, èmi kì í ṣe ara àwọn tó máa pàtẹ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

IṢẸ́ TÍ MO BẸ̀ YÍN SÍ

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí kálukú mú ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ 14, kí ó máa kọ iye tó ra epo sílẹ̀, iye lítà, àti wákàtí tí NEPA mú iná wá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Ká kó o jọ láti ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn, a ò ní máa pariwo mọ́. Ìṣirò la máa gbé síwájú wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá rí i pé a mọ iye tí à ń lò, kò ní lè pe iye tó bá wù ú.

Mo tún bẹ Ìyálọ́jà wa àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n pe ilé iṣẹ́ méjì míì wá, kí a gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tó dúró sídìí ọlọ́jà kan ṣoṣo kì í mọ̀ pé wọ́n ti yan òun jẹ. Kí wọ́n sì wá agbẹjọ́rò kan àti ọmọ oníná kan tó mọṣẹ́ láti ka ìwé náà fún wa. Bí ó bá jẹ́ N200 ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dá fún un, màá kọ́kọ́ san tèmi.

Títí dìgbà náà, ẹ dákun, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jáde síta gbangba. Ẹ má gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ má gbé e sítòsí ibi tí ọmọ ń sùn. Ẹ̀mí ló ń jẹ ọjà.

Oòrùn ń ràn lé gbogbo wa lórí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí à ń fi gèlè àti agbòòrùn sá fún un. Ó ti tó àkókò kó wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n kí a ná an bí ọlọ́jà ṣe ń ná ọjà: pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú owó lápò, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ebi ń pa wá.

Ọjà á tà o. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìpàdé.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín kan, láti ìlà àwọn ẹlẹ́ja.